Ẹ Bi Wá: Etí Erin Tó Ń Jẹrà Nínú Ìkòkò

Láti ìgbà tí òjò ti ń rọ̀ léraléra ní Òṣogbo, etí erin, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí aloe vera, ni ìbéèrè yín dá lé jù. Omi ló ń pa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí ẹ kọ̀wé nípa wọn. Ìdí nìyẹn tí ìdáhùn àkọ́kọ́ fi gùn ju àwọn yòókù lọ. Kí ẹni tí tirẹ̀ ṣì ń dán náà jọ̀wọ́ kà á.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Etí erin mẹ́ta ni mo gbìn sínú ike ọ̀dà lítà 4, mo sì tò wọ́n sí ẹsẹ̀ fàráńdà. Láràárọ̀ ni mo máa ń bu omi tí mo fi ṣan ìrẹsì sí wọn. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì báyìí tí ewé ìsàlẹ̀ ń di omi, ó ń rùn, bí mo sì ṣe fọwọ́ kan ọ̀kan lánàá ló já sí mi lọ́wọ́. Ṣé kòkòrò ni? Ṣé kí n fún un ní ajílẹ̀? — Ìyá Oníṣọ̀ọ́bù, Ayétòrò

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ má fún un ní ajílẹ̀ o. Ìdí rẹ̀ ló ń jẹrà. Inú ewé ni etí erin ń tọ́jú omi sí, òun ló jẹ́ kí ewé náà nípọn tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ gbòǹgbò rẹ̀ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tó wà láàárín hóró iyẹ̀pẹ̀. Bí omi bá gba àyè afẹ́fẹ́ yẹn fún ọjọ́ mélòó kan, gbòǹgbò ò ní rí èémí mí mọ́, á kú, ibẹ̀ ni àwọn kòkòrò àìfojúrí á sì gbà wọlé dé ìdí ewé. Omi ìṣanrẹsì tún dá kún un, torí pé ó máa ń kan nínú ike, ó sì ń pe kantíkantí. Ẹ tún wo òkè ibi tí ẹ tò wọ́n sí: bí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ páànù bá ń dà sí ẹsẹ̀ fàráńdà yẹn, òjò kan ṣoṣo tó láti sọ ike náà di àmù.

Ẹ lè gba èyí tí àárín rẹ̀ bá ṣì le là. Ẹ fa gbogbo rẹ̀ yọ kúrò nínú ike, ẹ gbọn iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ dànù, ẹ má sì tún un lò. Ẹ fi òwú tó ní sípíríìtì nu abẹ fẹ́lẹ́, kí ẹ wá gé gbogbo gbòǹgbò tó bá rọ̀ tàbí tó dúdú, àti ewé tó ti di omi. Bí ẹ bá dé ìdí rẹ̀, ẹ máa bẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀ títí ojú ibi tí ẹ gé fi máa funfun tàbí kó tutù yọ̀yọ̀ láìní àbàwọ́n kankan. Bí ẹ bá fi àbàwọ́n pupa tó kéré bí orí abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ìjẹrà náà á tún bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ẹ nu abẹ náà lẹ́yìn gígé kọ̀ọ̀kan. Bí gbòǹgbò kankan ò bá tiẹ̀ ṣẹ́kù, ẹ má bọkàn jẹ́. Tí ìdí rẹ̀ bá ti mọ́, yóò hù tuntun.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ ẹ sí ibòji tí atẹ́gùn ń fẹ́ fún ọjọ́ 5 sí 7, kí ojú ọgbẹ́ náà gbẹ, kó sì ní èépá. Ọ̀pọ̀ kì í ní sùúrù níbí. Wọ́n á gbìn ín lọ́jọ́ kan náà, wọ́n á bomi rin ín, á sì tún jẹrà. Inú iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ ni kí ẹ gbìn ín sí, kó tó ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó fún un lómi.

Ní ti iyẹ̀pẹ̀: yanrìn kóńgò 2, ilẹ̀dú kóńgò 1, èédú tí ẹ gún dé ìwọ̀n hóró ẹ̀wà, ìlàjì kóńgò. Yanrìn tí àwọn bíríkìlà fi ń po kọnkéré, tí hóró rẹ̀ tóbi, ni kí ẹ wá. Èyí tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri ti kúnná jù, ṣe ló máa ń dì. Bí ẹ bá pò ó tán, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ wọ́n omi sí i, kí ẹ fún un pọ̀. Tí ẹ bá la ọwọ́ tó sì dúró gbọin bí òkèlè ẹ̀bà, amọ̀ inú rẹ̀ ti pọ̀ jù, ẹ fi yanrìn kún un. Tó bá tú ká lọ́wọ́ yín, ó ti tó lò.

Ẹ fi irin gbígbóná lu ihò 5 sí ìdí ike ọ̀dà náà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ìka ọwọ́ kékeré. Ẹ gé àwọ̀n ẹ̀fọn díẹ̀ bo ihò náà kí iyẹ̀pẹ̀ má baà jò dànù, kí ẹ sì gbé ike náà lé àfọ́kù búlọ́ọ̀kù mẹ́ta kí ìdí rẹ̀ má kan sìmẹ́ǹtì. Ẹ má da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ ike. Ọ̀pọ̀ gbà pé ó ń jẹ́ kí omi tètè jò, bẹ́ẹ̀ omi kì í fẹ́ kúrò nínú iyẹ̀pẹ̀ wọ inú òkúta. Orí òkúta náà ni yóò dúró sí, tí yóò wá sún mọ́ gbòǹgbò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Kí ẹ lè mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ bomi rin ín, ẹ fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ, kí ẹ tì í bọ inú iyẹ̀pẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀, kí ẹ sì fi í síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Tí iyẹ̀pẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ọn nígbà tí ẹ yọ ọ́, ẹ má bomi rin ín. Tó bá jáde gbígbẹ, ẹ fún un lómi títí yóò fi máa jò nísàlẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́jọ́ 10 sí 14. Lásìkò òjò, bó bá wà lábẹ́ òrùlé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè kọjá kí ìgbálẹ̀ yẹn tó jáde gbígbẹ. Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Inú yàrá ni mo gbé etí erin mi sí, ewé rẹ̀ wá gùn gbọọrọ, ó sì ń dojú bolẹ̀. Mo gbé e síta sínú oòrùn lójijì lóṣù Kejìlá, kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ tó fi pọ́n bí ẹni pé wọ́n fi osùn pa á. Ṣé ó ti ń kú ni? — Akẹ́kọ̀ọ́, Òkè Baálẹ̀

Ìdáhùn: Kò tíì kú. Ìmọ́lẹ̀ tí kò tó ló jẹ́ kó gùn gbọọrọ. Pípọ́n tó pọ́n, ọ̀nà tó ń gbà dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn tí kò bá a mu ni, ọyẹ́ tó ń fẹ́ sì tún gbẹ omi ara rẹ̀. Ẹ gbé e padà sí ibi tí oòrùn òwúrọ̀ nìkan ti ń kàn án, wákàtí méjì lójúmọ́, kí ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọ̀ ewé rẹ̀ yóò padà. Ibi tó bá ti funfun tó sì gbẹ wínńwín ní tirẹ̀ ti jóná, kò ní padà. Tí ewé náà bá tẹ́ẹ́rẹ́, tí etí rẹ̀ méjèèjì ká wọnú, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ nìyẹn, ẹ fún un lómi.

Ìbéèrè: Mo gé ewé etí erin, mo rì í mọ́lẹ̀, ó rà. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀já ìkokò (snake plant) tí etí rẹ̀ ní yẹ́lò, ó hù, àmọ́ ọmọ tó yọ kò ní yẹ́lò kankan lára. Kí ló fà á? — Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Ìdáhùn: Bàbá, ewé etí erin kì í hù. Omi inú rẹ̀ pọ̀ jù, yóò ti rà kó tó ta gbòǹgbò. Ọmọ tó ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ ni kí ẹ yà. Ẹ dúró kó ga tó íǹṣì 4 sí 6, kó sì ní ewé mẹ́rin ó kéré tán. Ẹ wa iyẹ̀pẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ gé okùn tó so òun àti ìyá rẹ̀ pọ̀, ẹ rí i pé gbòǹgbò díẹ̀ bá a jáde. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó gbìn ín. Ẹ má ṣe é lóṣù Kẹfà, Keje tàbí Kẹsàn-án tí òjò máa ń pọ̀ jù níbí.

Ọ̀já ìkokò yàtọ̀. Ewé rẹ̀ gùn, ó sì ní ìlà bí ọ̀já. Bí ẹ bá gé e sí abala íǹṣì 3, tí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, tí ẹ sì gbìn ín, á hù, ṣùgbọ́n ó lè tó oṣù méjì sí mẹ́rin kí ọmọ tó yọ. Apá tó wà nísàlẹ̀ lára ìyá rẹ̀ ni kó wọ ilẹ̀. Tí ẹ bá dorí rẹ̀ kodò, kò ní hù. Ẹ fi ọ̀bẹ fa ìlà sí ìsàlẹ̀ abala kọ̀ọ̀kan kí ó má baà dàrú mọ́ yín lójú. Ní ti yẹ́lò, etí ewé nìkan ló wà, ọmọ tuntun kì í sì í ti ibẹ̀ jáde, inú ni ó ti ń wá. Tí ẹ bá fẹ́ kó jọ ìyá rẹ̀, ẹ hú ìdí rẹ̀, kí ẹ pín in pẹ̀lú gbòǹgbò. Inú Áfíríkà níhìn-ín, láti Nàìjíríà dé ìhà Kóńgò, ni igi náà ti ṣẹ̀ wá. Ojú ọjọ́ wa bá a lára mu dáadáa.

Ìbéèrè: Nǹkan funfun bí òwú wà ní kọ̀rọ̀ ewé etí erin mi, eèrà sì ń gun un. — Aránṣọ, Òkè-Fìà

Ìdáhùn: Kòkòrò tó ń fa omi ara ewé mu ni. Oje dídùn tó ń tọ̀ jáde ni eèrà ń wá. Ẹ fi òwú tó ní sípíríìtì nu ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní alẹ́, kí oòrùn má baà jó ewé náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ po ọṣẹ olómi ṣíbí tíì 1 mọ́ omi lítà 1, kí ẹ fi wọ́n ọn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, torí ẹyin wọn máa ń pa lẹ́yìn. Ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun ti le jù, ẹ má lò ó. Kẹ́ ẹ sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù.

Ìbéèrè: Ìyàwó ọmọ mi wà nínú oyún, ó fẹ́ máa lá etí erin. Ṣé ó dára? — Ìyá Àgbà, Ọjà Ọba

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀ ọ́ fún un. Omi kíkorò tó ní àwọ̀ ìyeyè, tó wà láàárín èèpo àti ọ̀rá funfun inú rẹ̀, máa ń jẹ́ kí èèyàn yàgbẹ́ gan-an, kò sì yẹ aláboyún. Ní ọdún 2002, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú oògùn ìyàgbẹ́ tí wọ́n ń tà lórí àtẹ. Ẹni tó bá fẹ́ fi pa ara lásán lè gé ewé tó wà níta jù lọ, kó gbé e dúró sínú ife fún ìṣẹ́jú 15 kí omi yẹn jò tán, kó fọ̀ ọ́, kó tó bó èèpo rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ pa ẹ̀yìn apá, kí ẹ wò ó di ọjọ́ kejì. Ẹ má sì gé ju ewé méjì lọ lẹ́ẹ̀kan lára èyí tí kò tíì ní ewé mẹ́wàá.

Ìbéèrè: Ṣé bí a ṣe ń tọ́jú etí erin náà la ṣe ń tọ́jú ọ̀dúndún àti àbámodá? — Oníṣẹ́ aró, Òṣogbo

Ìdáhùn: Rárá. Ewé ọ̀dúndún fẹ́lẹ́ ju ti etí erin lọ, omi tó lè tọ́jú kéré. Ó ń fẹ́ ibòji díẹ̀, ó sì ń fẹ́ omi lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àbámodá le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ewé rẹ̀ kan tó já bọ́ sílẹ̀ lè yọ ọmọ yí etí rẹ̀ ká, ó sì lè gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé yín, nítorí náà inú ìkòkò ni kí ẹ fi í sí, kí ẹ máa ṣa ewé tó bá já. Tí ẹ bá ń sin ewúrẹ́ tàbí àgùntàn, ẹ gbé àbámodá sókè dáadáa, pàápàá nígbà tó bá ń tan òdòdó rẹ̀ tó máa ń rọ̀ bí agogo. Májèlé inú rẹ̀ máa ń kọ lu ọkàn ẹran, ó sì lè pa á.