Ẹ má gba Manali wọ Spiti, ọ̀nà Shimla ni kẹ́ ẹ gbà

Àbúrò, mo ka ìbéèrè ẹ, pé ìwọ àtàwọn ọ̀rẹ́ tẹ́ ẹ jọ ń kàwé ní Punjab fẹ́ gba ìlú Manali gòkè lọ sí Spiti, àfonífojì tó wà láàárín òkè Himalaya ní àríwá India, fún ọjọ́ mẹ́rin péré, kẹ́ ẹ ya fọ́tò ní Key, ilé àwọn mọ́ńkì ẹlẹ́sìn Búdà, kẹ́ ẹ máa bọ̀. Ẹ má dán an wò. Èmi tí orí ti fọ́ lókè yẹn débi pé oúnjẹ gan-an ò lọ lọ́nà ọ̀fun ni mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀.

Manali ò ju bíi 2,050 mítà lọ. Ẹ máa gba Atal Tunnel, ọ̀nà abẹ́ òkè tí wọ́n ṣí ní 2020, kọjá, kí ilẹ̀ tó ṣú ẹ ti gun Kunzum, ọ̀nà orí òkè tó lé ní 4,500 mítà, ẹ tún wá ń lọ sùn ní Kaza, ìlú kan ní Spiti tóun náà lé ní 3,600. Ara èèyàn ò lè gba ìyẹn lọ́jọ́ kan! Afẹ́fẹ́ òkè yẹn ò tó mí, àtẹ̀gùn kékeré lásán ni wàá gùn tí wàá máa mí hẹlẹhẹlẹ, àwọn tó sì lágbára ló máa ń kó sí wàhálà jù torí wọn kì í fẹ́ jókòó. Kórí máa fọ́ni, kóorun má wá, ìyẹn ṣì kéré, ẹ sinmi kẹ́ ẹ mumi dáadáa. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ tàbí tí ò lè mí dáadáa lórí ìdùbúlẹ̀, ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀ lóru ọjọ́ yẹn gan-an, ẹ má dúró dàárọ̀.

Ọ̀nà Shimla jìn, á sú yín, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ló ń gòkè. Ẹ sùn ní Kalpa, ẹ kọjá Nako láìsùn síbẹ̀, ẹ lọ sùn ní Tabo, bíi 3,280 mítà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé àwa tá a kì í ṣe ọmọ India gbọ́dọ̀ gba páàmíìtì ká tó lè kọjá láti Kinnaur, agbègbè tí Kalpa àti Nako wà, wọ Spiti, torí ààlà Tibet ò jìnnà. Shimla tàbí Reckong Peo ni wọ́n ti ń gbà á. Àwọn ọmọ India ò nílò ẹ̀, nítorí náà ọ̀rẹ́ yín tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀ ò ní rántí sọ fún yín.

Ilé àwọn mọ́ńkì tó wà ní Tabo wá gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ mi. Key ló wà lórí òkè téèyàn ń rí ní gbogbo fọ́tò, ó dáa o, àmọ́ Tabo ni mi ò lè gbàgbé. Látìta, ògiri amọ̀ lásán ni, bíi tilé bàbá àgbà wa lábúlé, ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń wò ó fìrí kí wọ́n kọjá. Ọba Yeshe-Ö ti Guge, ìjọba kan ní ìwọ̀ oòrùn Tibet láyé àtijọ́, àti Rinchen Zangpo, àlùfáà tó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Kashmir, ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní 996, àwọn míì sì tún un ṣe ní 1042. Inú ẹ̀ ṣókùnkùn, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání, kẹ́ ẹ wá wo àwọn ère amọ̀ tí wọ́n tò sára ògiri yí yàrá náà ká àti àwòrán tí wọ́n kùn sábẹ́ wọn. Tholing, ilé mọ́ńkì míì tóun náà ti wà látìgbà yẹn, bọ́ sí Tibet lọ́hùn-ún, wọ́n bà á jẹ́ gan-an nígbà Cultural Revolution, rògbòdìyàn òṣèlú tó ṣẹlẹ̀ ní Ṣáínà. Tabo yè é torí pé apá India ló wà. Ìmìtìtì ilẹ̀ 1975 ṣe é léṣe, síbẹ̀ àwọn mọ́ńkì ṣì ń gbàdúrà níbẹ̀ láràárọ̀, Dalai Lama, olórí ẹ̀sìn Búdà ti Tibet, pàápàá ti wá kọ́ wọn ní Kalachakra, ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Búdà kan, níbẹ̀ ní 1983 àti 1996.

Wọn kì í jẹ́ kéèyàn ya fọ́tò nínú yàrá yẹn. Àwọn tó torí Instagram lọ máa ń fajú ro, èmi gbádùn ẹ̀ ní tèmi. Ẹ bọ́ bàtà, ọwọ́ ọ̀tún ni kẹ́ ẹ jẹ́ kí chorten, ìyẹn ilé ìrántí mímọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, máa wà tẹ́ ẹ bá ń yí i po. Tíì oníyọ̀ àti bọ́tà ni wọ́n máa gbé fún yín, bẹ́ ẹ bá sì ṣe ń mu ún ni wọ́n á máa bu sí i, nítorí náà tó bá ti tó yín, ẹ fi ife náà sílẹ̀ ní kíkún.

Owó, ẹ gbé kéèṣì dání láti ìsàlẹ̀, torí ATM Kaza lè má lówó nínú lọ́jọ́ tẹ́ ẹ dé. July sí August, òkúta máa ń já lulẹ̀ sójú ọ̀nà Kinnaur nítorí òjò, June tàbí September ló dáa. Tó bá wá jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin náà lẹ ní lóòótọ́, ẹ lọ Kalpa kẹ́ ẹ padà, ẹ fi Spiti sílẹ̀ di ìgbà tẹ́ ẹ bá gba họlidé tó gùn.