A ti yí pásíwọ́ọ̀dù padà, síbẹ̀ gbájúẹ̀ ṣì ń ka ímeèlì wa

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣìṣẹ́ bí ogójì ló wà ní iléeṣẹ́ wa. Ní oṣù tó kọjá, ẹnì kan wọ inú ímeèlì akọ̀wé owó wa, ó sì fi orúkọ rẹ̀ kọ̀wé sí oníbàárà wa kan pé a ti pààrọ̀ àkáǹtì báńkì wa. Ọpẹ́lọpẹ́ pé oníbàárà náà pè wá kó tó sanwó. Ọjọ́ náà gan-an la yí pásíwọ́ọ̀dù padà. Àmọ́ kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí oníbàárà mìíràn fi gba irú ìwé kan náà, iye owó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ fẹnu kò sí ló sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà wa ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa yí pásíwọ́ọ̀dù padà lóṣooṣù. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá sì ní ká lé akọ̀wé owó náà lẹ́nu iṣẹ́. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà tó pè yín. Ohun tó ṣe yẹn ló yẹ kó jẹ́ ìlànà ní iléeṣẹ́ yín. N óò padà sórí rẹ̀.

Àlàyé yín fi hàn pé gbájúẹ̀ náà kò tíì jáde. Ẹ pààrọ̀ àgádágodo nígbà tí olè ṣì wà nínú yàrá. Ká ní oníbàárà kan ṣoṣo ni, ǹ bá ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ímeèlì tiwọn ni wọ́n wọ̀. Ṣùgbọ́n oníbàárà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ wọn ti pàdé.

Ẹ jẹ́ ká wá a jáde. Ẹ ṣí ímeèlì akọ̀wé owó láti orí búráúsà, kì í ṣe láti orí fóònù, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Rules tàbí Filters sí nínú ètò rẹ̀. Ibẹ̀ lèèyàn ti ń pàṣẹ pé bí lẹ́tà báyìí bá wọlé, báyìí ni kí wọ́n ṣe é. Ẹ lè bá àṣẹ kan níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ kò ju àmì ìdánudúró kan ṣoṣo lọ, kí ojú lè fò ó. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ ó rí i pé ohun tó ń sọ ni pé lẹ́tà yòówù tí "invoice" tàbí "payment" bá wà nínú rẹ̀, kó gbé e lọ sínú fódà RSS Feeds, kó sì ṣe é bíi pé wọ́n ti kà á. Ta ló ń ṣí RSS Feeds? Oníbàárà á fèsì, akọ̀wé owó kò ní rí i, gbájúẹ̀ ni yóò máa bá a sọ̀rọ̀ lọ. Irú kejì ń fi ẹ̀dà gbogbo lẹ́tà ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì kan níta. Kò sí èyí tó kan pásíwọ́ọ̀dù nínú méjèèjì. Ẹ yí i padà nígbà igba, iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe lọ. Ẹ ya àwòrán àṣẹ náà kí ẹ tó pa á rẹ́, torí báńkì àti ọlọ́pàá lè béèrè rẹ̀. Kí ẹni tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà yín sì wo ti gbogbo òṣìṣẹ́ láti ojú ìwé alábòójútó, nítorí ó ṣeé ṣe kí gbájúẹ̀ náà ti ti ọ̀dọ̀ akọ̀wé owó bọ́ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn náà, ẹ tún pásíwọ́ọ̀dù yí padà láti orí kọ̀ǹpútà tó dá yín lójú pé kò ní kòkòrò, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnì tó ń lé gbogbo ẹni tó wà nínú àkáǹtì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Bí èèyàn bá ti wọlé lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ máa ń fún un ní àmì ìdánimọ̀ kan kó má baà máa béèrè pásíwọ́ọ̀dù ní gbogbo ìgbà. Ẹni tó bá jí àmì yẹn lè ṣì máa wọlé fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yí pásíwọ́ọ̀dù padà. Ẹ wo nọ́ńbà fóònù tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìgbà tí èèyàn bá gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù, bóyá ti akọ̀wé owó ni lóòótọ́. Ẹ wo àwọn áàpù tí wọ́n fún láyè láti máa ka lẹ́tà rẹ̀ náà. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò bá mọ̀, ẹ gba àyè náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti yíyí pásíwọ́ọ̀dù padà lóṣooṣù, ẹ má ṣe é. NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbé ìlànà kalẹ̀, ti sọ láti 2017 pé kí wọ́n má fi dandan mú èèyàn yí i padà láìjẹ́ pé àmì wà pé ó ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bill Burr tó kọ ìlànà àtijọ́ ní 2003 sọ fún oníròyìn lọ́dún 2017 kan náà pé òun kábàámọ̀ púpọ̀ nínú ohun tí òun kọ. Ẹni tí wọ́n bá ń fi dandan mú lóṣooṣù, nọ́ńbà ìparí ló máa ń sún: Iṣẹ́01 á di Iṣẹ́02, gbájúẹ̀ tó mọ ti oṣù yìí sì ti mọ ti oṣù tó ń bọ̀. Ọ̀kan ṣoṣo tó gùn, tí ẹ kò lò níbòmíràn, sàn ju méjìlá lọ́dún lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì, ìyẹn ẹ̀rí mìíràn tí ẹ̀rọ ń béèrè lẹ́yìn pásíwọ́ọ̀dù kí èèyàn tó wọlé, ni kí ẹ lo agbára yín sí. Ní oṣù Karùn-ún 2021, àwọn jàǹdùkú wọ ẹ̀rọ Colonial Pipeline, iléeṣẹ́ tó ń fi páìpù gbé epo lọ sí ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Àkáǹtì àtijọ́ kan tí wọn kò lò mọ́, tí wọn kò sì tì pa, ni wọ́n bá wọlé. Pásíwọ́ọ̀dù nìkan ló ń ṣọ́ ọ. Páìpù náà dúró fún ọjọ́ bíi márùn-ún, iléeṣẹ́ náà sì san bitcoin 75 fún àwọn jàǹdùkú náà, nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.4 dọ́là nígbà náà. Torí náà, ẹ ti àkáǹtì gbogbo ẹni tó ti fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ pa lónìí.

Kóòdù orí àtẹ̀jíṣẹ́ sàn ju kó má sí rárá lọ. Ṣùgbọ́n gbájúẹ̀ ìsinsìnyí lè ṣe ojú ìwé tí kò yàtọ̀ sí ti ímeèlì yín. Akọ̀wé á tẹ pásíwọ́ọ̀dù àti kóòdù síbẹ̀, gbájúẹ̀ á gbé méjèèjì lọ síbi tòótọ́ lójú ẹsẹ̀. Passkey, ìyẹn àmì ìwọlé tí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú dípò pásíwọ́ọ̀dù, tàbí kọ́kọ́rọ́ kékeré tí wọ́n ń ki bọ kọ̀ǹpútà, kì í dáhùn bí àdírẹ́sì ojú ìwé kì í bá ṣe ojúlówó. Bí owó kò bá kárí, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń fọwọ́ kan owó àti alábòójútó.

Ó wá ku ìlànà tí mo ní n óò padà sí. Bí ẹnikẹ́ni bá kọ̀wé pé nọ́ńbà àkáǹtì yí padà, ẹ pè é sórí nọ́ńbà tó ti wà lọ́wọ́ yín tẹ́lẹ̀, kì í ṣe èyí tó wà nínú lẹ́tà náà, kí ẹni méjì sì fọwọ́ sí i. Kó kan ọ̀gá àgbà náà, pàápàá nígbà tó bá ní òun ń kánjú. Láàárín 2013 sí 2015, Evaldas Rimasauskas, ará Lithuania, lo iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú Quanta Computer ti Táíwàn, wọ́n sì fi ìwé owó ayédèrú gba ohun tó lé ní 120 mílíọ̀nù dọ́là lọ́wọ́ Google àti Facebook. Ilé ẹjọ́ kan ní New York rán an lẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún ní 2019. Ẹ pe àwọn oníbàárà yín yòókù lórí fóònù lónìí, kí ẹ sọ fún wọn pé àkáǹtì yín kò yí padà.

Akọ̀wé owó yín ńkọ́? Ẹ fi í síbi iṣẹ́ rẹ̀. Bí owó bá lọ lọ́jọ́ mìíràn, báńkì yín lẹ máa kọ́kọ́ pè, kó lè kàn sí báńkì tó gbà á kí wọ́n tó kó o jáde. Àkókò yẹn kì í pẹ́, òṣìṣẹ́ tó bá sì ń bẹ̀rù pé wọ́n á lé òun kò ní la ẹnu títí tí yóò fi kọjá.