Ẹyọ kan ló ń ṣẹ́kù ṣáá

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tó wà ní SS2 ló kọ 2,147,483,647 síwájú mi, ó ní kò sí nọ́ńbà tó lè pín in tí ò ní ṣẹ́kù, àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Mo ní irọ́ ni. Mo bá fa báírò yọ, mo ń pín in lẹ́yìn páálí, mo fi 3 pín in ó ku 1, mo fi 7 pín in ó ku 1, mo fi 11 pín in, 1 náà ni! Ṣé mo ti gbàgbé ìṣirò ni? — Ìyá oníwàrà, Ìpàtà, Ìlọrin.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà o, mà. Ẹ ò gbàgbé nǹkan kan, ọmọ yín náà ò parọ́. Ẹ wo wàrà tẹ́ ẹ ń tò sórí àtẹ, tó bá jẹ́ 12 ẹ lè tò ó ní ìlà mẹ́ta, mẹ́rin mẹ́rin, àmọ́ tó bá jẹ́ 13, àfi kẹ́ ẹ tò gbogbo ẹ̀ sórí ìlà kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn ìlà yẹn ò ní dọ́gba. Irú 13 yẹn là ń pè ní práìmù, práìmù náà sì ni ti ọmọ yín.

Ẹyọ 1 tó ń ṣẹ́kù yẹn gan-an ló dùn mọ́ mi jù. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ó di 2,147,483,646, 3 pín òun, 7 pín in, 9 pín in, 11 pín in, 31 náà pín in, àní iye àwọn nọ́ńbà tó pín in geere jẹ́ 192! Ẹ wá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, 2,147,483,648, 2 nìkan ni wọ́n fi kọ́ òun: ẹ mú 1, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì nígbà 31, ẹ ti débẹ̀. Práìmù tó bá fi 1 dín sí irú ìlọ́po méjì báyìí, orúkọ Mersenne, àlùfáà ará Faransé kan tó kú ní 1648, ni wọ́n fi ń pè é, ìkẹjọ wọn sì ni tiyín. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń bọ́ sí i o, ìgbà 11 gbé wa dé 2,048, ẹ yọ 1 kúrò ó di 2,047, 23 lọ́nà 89 nìyẹn.

Ta ló wá jókòó pín in? Euler ni, ọmọ Switzerland tó ń ṣiṣẹ́ ní Rọ́ṣíà, ní 1772, ojú rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán nígbà yẹn. Kò nílò láti kọjá 46,340, torí tí nọ́ńbà méjì bá táìmùsì ara wọn tó di tiyín, èyí tó kéré níbẹ̀ ò lè ju ìyẹn lọ. Ó tún rí i pé práìmù tó bá máa pín in, tí ẹ bá fi 248 pín òun náà, 1 tàbí 63 ló gbọ́dọ̀ kù, bẹ́ẹ̀ niṣẹ́ ṣe dín kù sí àwọn nọ́ńbà tí iye wọn ò tó 400. (Èmi ò lè ṣe é o, kódà kẹ́ ẹ fún mi ní wàrà ọ̀sẹ̀ kan.)

Ẹ ní kọ́mọ yín fi 331 pín 2,147,483,646. Tí nǹkan kan bá ṣẹ́kù, òun ló ṣì í.