Kí ló dé tí orin ìkẹ́kọ̀ọ́jáde àwọn ará Japan fi ń pani lẹ́kún?

Ìbéèrè: Orin Japan tó bá ti dá lórí ọmọ tó ń dàgbà kì í pẹ́ dárúkọ òdòdó sakura, oṣù kẹta, tàbí ọmọ ọdún 15. Ṣé orin ìfẹ́ ni àbí orin arò? Báwo ló ṣe ń dùn létí tó tún ń bani nínú jẹ́?

Ìdáhùn: Orin arò kọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í ṣe orin ìfẹ́. Orin ìdágbére ni. Ẹ kọ́kọ́ wo kàlẹ́ńdà wọn. Oṣù kẹta ni ọdún ẹ̀kọ́ ń parí ní Japan, òmíràn á bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin, ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin yẹn náà sì ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ń gba òṣìṣẹ́ tuntun wọlé. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré ló wà láàárín "ó dàbọ̀" àti "ẹ káàbọ̀". Àárín yẹn gan-an ni sakura ń tanná ní Tokyo.

Ohun tí ọ̀pọ̀ àjèjì kì í mọ̀ ni pé lọ́jọ́ ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde fúnra rẹ̀, ìrudi ni òdòdó náà sábà máa ń wà. Ẹni tó ń fi í kọrin ń kọ nípa ohun tó ń bọ̀, tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè má jọ wò. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í là, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni yóò fi tàn tán. Kò tún ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ kó tó rẹ̀ dànù. Irú tó wọ́pọ̀ jù lọ́gbà ilé-ìwé, Somei Yoshino, kì í ti inú kóró hù. Ẹ̀ka ni wọ́n ń gé lára èyí tó wà, tí wọ́n ń lọ́ mọ́ ìdí igi mìíràn, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn: wọ́n ń tanná pọ̀, wọ́n sì ń rẹ̀ pọ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ kíláàsì kan. Ní Hokkaido lápá àríwá, ó di ìparí oṣù kẹrin tàbí oṣù karùn-ún kó tó tanná, síbẹ̀ àwọn ọmọ ibẹ̀ náà ń kọ ọ́.

Ọdún 15 ńkọ́? Ọdún 9 ni ẹ̀kọ́ ọ̀ranyàn, 6 ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, 3 ní ilé-ìwé gíga kékeré. Ọmọ ọdún 15 ló ń parí rẹ̀, ó sì ń ṣe ìdánwò wọ ilé-ìwé gíga àgbà. Ibi tí kálukú bá yege sí ló ń lọ, ẹgbẹ́ á sì túká fún ìgbà àkọ́kọ́. Olórin Yutaka Ozaki gbé orin rẹ̀ nípa òru ọmọ ọdún 15 jáde ní 1983, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún 18. Ní 2008, Angela Aki kọ "Tegami" fún ìdíje ẹgbẹ́ akọrin ilé-ìwé tí NHK, iléeṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n Japan, ń ṣe. Nínú orin náà, ọmọ ọdún 15 kọ lẹ́tà sí ara rẹ̀ tó ti dàgbà, àgbà náà sì fèsì. Èsì yẹn ló ń mú omi bọ́ lójú mi jù, torí àgbà náà kò purọ́ pé ìyà ti tán. Ó ní òun náà ṣì ń rí ọgbẹ́ ọkàn, ṣùgbọ́n òun wà láàyè.

Sakura kọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. "Hotaru no Hikari" ti 1881, tí wọ́n fi ohùn orin àwọn ará Scotland kọ, àti "Aogeba Tōtoshi" ti 1884, tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́, ni wọ́n ń kọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1991, ọ̀gá ilé-ìwé kan ní ìlú Chichibu kọ ọ̀rọ̀ "Tabidachi no Hi ni", olùkọ́ orin fún un lóhùn, àwọn olùkọ́ sì fi ta àwọn ọmọ tó ń jáde lọ́rẹ. Ó tàn ká orílẹ̀-èdè náà. Lẹ́yìn náà ni Naotaro Moriyama (2003), Kobukuro (2005) àti Ikimono-gakari (2006) gbé orin tó ń jẹ́ Sakura jáde.

Ní ti ohùn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ sol-fa, ẹ dán kọ́ọ̀dù mẹ́rin yìí wò lórí dùùrù: fà-là-dò, sò-tì-rè, mì-sò-tì, là-dò-mì. "Ọ̀nà ọba" ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Lẹ́yìn sò, etí ń retí kí orin padà sílé sí dò, ṣùgbọ́n ó yà sí mì, ó sì bọ́ sí là tó ṣókùnkùn. Tẹ́ ẹ bá fi dò-mì-sò rọ́pò ẹ̀kẹta, ìbànújẹ́ á fò lọ, orin á dà bí orin ọpẹ́. Ègbè ìkẹyìn tún sábà máa ń gòkè ní ìdajì tàbí odidi ohùn kan, nítorí náà akọrin tó bá bẹ̀rẹ̀ lókè jù á há síbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ó tún gbọ́ "bọ́tìnnì kejì". Bọ́tìnnì 5 ló wà níwájú aṣọ ilé-ìwé àtijọ́ àwọn ọkùnrin, wọ́n sì ní èkejì láti òkè ló sún mọ́ ọkàn jù. Lẹ́yìn ayẹyẹ, ọmọbìnrin á lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ràn. Ilé-ìwé tó ti yí sí kóòtù ti pọ̀, àṣà náà sì ń dín kù. Àmọ́ nínú orin, ohun tó ń sọ kò tíì yí padà: ìfẹ́ tí wọ́n fi pa mọ́ títí di ọjọ́ tí wọ́n pínyà.