Ẹ má fi hómíópátì rọ́pò oògùn ibà

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè bóyá hóró hómíópátì, ìyẹn oògùn tí wọ́n ti fi omi là gidigidi, lè rọ́pò oògùn tí kì í jẹ́ kí ènìyàn kó ibà, nítorí pé ẹ fẹ́ ti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Èkó lóṣù Kejìlá, tí ẹ sì gbọ́ pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má dán an wò. Àbúrò mi obìnrin tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, tí ara rẹ̀ kò mọ ibà rí, lo hóró náà, torí pé ẹni tó tà á fún un fi dá a lójú pé ó ti tó. Kò pẹ́ tó padà dé tí ibà fi gbé e ṣánlẹ̀, tó ń ṣe ìrànrán, èmi ni mo sì jókòó tì í nílé ìwòsàn nígbà tí wọ́n ń fa oògùn sí i lára. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ara oògùn ibà gan-an ni hómíópátì ti ṣẹ̀. Lọ́dún 1790, Samuel Hahnemann, dókítà ará Jámánì, jẹ èèpo igi sinkónà, èyí tí a ń rí kuníìnì, oògùn ibà, nínú rẹ̀, ó ní ara òun ṣe bíi ti ẹni tí ibà ń ṣe, ó sì gbà pé ohun tó lè kó àìsàn bá ẹni tí ara rẹ̀ le ni yóò wo irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní bí a bá ṣe ń fi omi là á tó ni agbára rẹ̀ ń pọ̀ tó. Èyí tí wọ́n ń pè ní 30C, ẹ̀kán kan ni wọ́n ń pò mọ́ ẹ̀kán omi 99, wọn a gbọ̀n ọ́n, wọn a tún mú ẹ̀kán kan nínú rẹ̀ pò mọ́ 99 mìíràn, títí yóò fi di ìgbà 30. Kó tó tó ìdajì iṣẹ́ yẹn, ó ṣòro kí ẹyọ mólékù kan ṣẹ́kù nínú ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kuníìnì tó ń pa kòkòrò ibà, àfi kó pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀.

Àwọn tó gbà á gbọ́ a máa tọ́ka sí àkójọ ìwádìí 89 tí olùwádìí Klaus Linde àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde nínú Lancet, ìwé ìròyìn ìṣègùn, lọ́dún 1997, tó sọ pé àǹfààní tó hàn ju ti hóró òfìfo tí kò ní oògùn nínú lọ. Lóòótọ́ ni wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé kan náà sọ pé kò sí àìsàn kan pàtó tí ẹ̀rí rẹ̀ tó, nígbà tó sì di 1999, Linde fúnra rẹ̀ fi hàn pé bí ìwádìí bá ṣe péye sí i ni àǹfààní náà ń dín kù. Lọ́dún 2015, àjọ ìwádìí ìlera ti Ọsirélíà yẹ ìwádìí 176 wò, wọn kò sì rí àìsàn kankan tí ẹ̀rí tó ṣeé gbára lé fi hàn pé hómíópátì wò. Àríyànjiyàn tó kù kò pọ̀.

N kò sọ pé irọ́ ni ẹni tó ní ara òun yá ń pa. Ọ̀fìnkìn a máa lọ fúnra rẹ̀, àwọn oníhómíópátì sì ń fi sùúrù tẹ́tí sí aláìsàn ju bí ọ̀pọ̀ dókítà ti ń ṣe lọ, èyí tó dùn mí púpọ̀. Ṣùgbọ́n ibà falciparum, irú ibà tó burú jù, lè pa ènìyàn láàárín ọjọ́ díẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kìlọ̀ lọ́dún 2009 pé kí a má fi hómíópátì wò ó.

Ẹ tètè rí dókítà tàbí apòògùn kí ẹ tó wọkọ̀ òfuurufú, ẹ lo oògùn náà títí dé ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún yín lẹ́yìn tí ẹ bá padà, kí ẹ sì máa sùn sábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn. Bí ara yín bá gbóná láàárín ọdún kan tí ẹ padà, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ lọ sí Nàìjíríà, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò lọ́jọ́ náà gan-an.