Mo ta láàsì láwìn lórí WhatsApp, oníbàárà ní òun kò bọwọ́ lùwé: kí ni mo lè ṣe?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Agbẹjọ́rò. Láàsì ni mò ń tà ní Balógun, l'Ékòó. Oníbàárà mi kan tó ti ń rajà lọ́wọ́ mi láti bí ọdún mẹ́rin ní kí n bá òun wá láàsì aṣọ ẹbí, 24 lápapọ̀, ₦45,000 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orí WhatsApp la ti sọ gbogbo ẹ̀. Mo kọ iye tó jẹ́ ránṣẹ́ sí i, mo ní ṣé kí n máa kó o bọ̀, ó fi àtàǹpàkò tó nà sókè dá mi lóhùn. Ọmọ díspáàṣì ló bá mi gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ní Ìkòròdú. Ó san ₦400,000, ó ku ₦680,000. Ẹ̀ẹ̀mejì ló fi voice note bẹ̀ mí pé tí oṣù bá parí òun á san án. Oṣù parí, ó block mi. Nígbà tí mo lọ bá a nílé, ó ní èwo ni ìwé tí òun bọwọ́ lù. Lóòótọ́, mi ò já rìsíìtì fún un. Ṣé kóòtù á gba ọ̀rọ̀ orí fóònù? Àwọn ọmọ mi ní kí n gbé fọ́tò ẹ̀ sí Facebook, àbúrò mi ní ọlọ́pàá ni kí n fi mú un. Ẹ tètè dá mi lóhùn, torí mo fẹ́ pààrọ̀ fóònù yìí, ojú ẹ̀ ti fọ́.

ÌDÁHÙN

Màmá, ẹ má tíì pààrọ̀ fóònù yẹn. Bí ojú rẹ̀ tó fọ́ bá ń dà yín láàmú, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín pààrọ̀ ojú nìkan, kí ẹ sì jókòó ti ẹni tó ń tún un ṣe, kó má baà pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Ẹ má tà á, ẹ má fi í tọrẹ fún ọmọ, títí ẹjọ́ yìí á fi parí.

Lónìí yìí náà, ẹ ṣí ibi tí ẹ ti ń bá obìnrin náà sọ̀rọ̀, kí ẹ wò ó bóyá ètò tó máa ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ pa ara rẹ̀ rẹ́ wà ní títàn. Wákàtí 24, ọjọ́ 7 tàbí ọjọ́ 90 ni WhatsApp máa ń ní kéèyàn yàn. Bó bá wà ní títàn, ẹ pa á. Ẹ má bẹ̀rù pé ó lè ti ọwọ́ tirẹ̀ nu voice note wọ̀nyẹn kúrò lọ́dọ̀ yín. Ọjọ́ méjì àti díẹ̀ péré ni WhatsApp ń fúnni láti pa ọ̀rọ̀ rẹ́ lórí fóònù ẹlòmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, ohunkóhun tó bá pa rẹ́, orí fóònù tirẹ̀ ló mọ. Kí ẹ wá tẹ Export chat, kí ẹ fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ímeèlì yín pẹ̀lú àwọn voice note. Ohun tó máa jáde á ní ọjọ́ àti aago lára ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ní ti ìwé tó ní òun kò bọwọ́ lù, ọ̀rọ̀ yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Òfin ọjà títà kò sọ pé dandan ni kí àdéhùn láàsì wà nínú ìwé. Ẹ lè fẹnu ṣe é, ẹ lè kọ ọ́, ìwà ẹ̀yin méjèèjì náà sì lè fi í hàn. Ilẹ̀ ni tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹ dá iye lé e, ẹ kó ọjà, ó gbà á, ó sì san díẹ̀ nínú owó rẹ̀. Ta ló ń san ₦400,000 lórí ọjà tí kò rà?

Àtàǹpàkò yẹn gan-an ni kí n dúró lé díẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Saskatchewan ní Kánádà, ní 2021, ilé iṣẹ́ kan tó ń ra ọkà fi fọ́tò ìwé àdéhùn ránṣẹ́ sí fóònù àgbẹ̀ kan, pé kó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ pé òun á ta irúgbìn flax fún àwọn. Àgbẹ̀ náà fi 👍 dáhùn. Nígbà tí àsìkò tó, flax ti gbówó lórí, kò kó nǹkan kan wá. Ó ní ohun tí àtàǹpàkò òun ń sọ ni pé òun ti rí àtẹ̀jíṣẹ́ wọn, kì í ṣe pé òun ti gbà. Ní 2023, adájọ́ ní àtàǹpàkò yẹn dúró bí ìbọwọ́lùwé, ó sì ní kó san owó tó lé ní 82,000 dọ́là Kánádà. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn náà fara mọ́ ọn ní 2024.

Ìdájọ́ Kánádà kò de adájọ́ kankan ní Nàìjíríà, mi ò sì ní kí ẹ lọ máa pariwo rẹ̀ ní kóòtù. Ohun tó mú ilé iṣẹ́ náà jàre ni mo fẹ́ kí ẹ rí. Wọ́n fi hàn pé ní àwọn àdéhùn ìṣáájú, "ok" tàbí "yup" lásán ni àgbẹ̀ yìí máa ń fi dá àwọn lóhùn lórí fóònù, tí yóò sì kó ọjà wá láìjiyàn. Ẹ̀yin náà ti bá obìnrin yìí nájà fún ọdún mẹ́rin. Ẹ fa ọ̀rọ̀ yín sókè lórí WhatsApp, kí ẹ wá ìgbà tó ti fi irú àtàǹpàkò bẹ́ẹ̀ gba ọjà, tó sì sanwó. Bí ẹ bá rí méjì tàbí mẹ́ta bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí owó wọlé, kò ní í rọrùn fún un láti sọ fún májísíréètì pé eré ni òun fi ti èyí ṣe.

Ṣé kóòtù á gba ọ̀rọ̀ orí fóònù? Bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹ bá gbé e wá bó ṣe yẹ. Ó pẹ́ kí òfin wa tó dé ibẹ̀. Láti 1969, nínú ẹjọ́ ilé iṣẹ́ epo Esso àti Oyegbola, ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ pé òfin kò gbọdọ̀ dijú sí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n òfin ẹ̀rí tí a jogún látayé àwọn òyìnbó kò mọ nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Adájọ́ kan á gbà, òmíràn á kọ̀. Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ló yanjú rẹ̀ ní abala 84, abala 258 sì ní ohun èlò yòówù tó bá ń tọ́jú ìsọfúnni tó sì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, kọ̀ǹpútà ni. Fóònù yín wọ ibẹ̀ dáadáa. Ní 2023 wọ́n tún òfin náà ṣe, wọ́n dárúkọ àkọsílẹ̀ orí ẹ̀rọ ní tààrà, wọ́n sì fàyè gba ìbọwọ́lùwé orí ẹ̀rọ.

Abala 84 yìí ló ti gba ẹjọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Ní 2012, nínú ẹjọ́ Kubor àti Dickson lórí ìbò gómìnà ìpínlẹ̀ Bayelsa, wọ́n tẹ ìròyìn jáde látorí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n kó o síwájú ilé ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dà á nù, torí pé wọn kò ṣe ohun tí abala yẹn béèrè. Bí wọ́n bá lè da ti ẹjọ́ gómìnà nù, ti láàsì kò le jù láti dà nù.

Ohun tó béèrè kò pọ̀. Kí ẹ fi hàn pé fóònù yìí ni ẹ máa ń lò déédéé fún òwò yín, pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lásìkò tí ẹ sọ ọ̀rọ̀ náà, àti pé inú rẹ̀ ni ohun tí ẹ tẹ̀ sórí bébà ti jáde. Ojú ìwé kan péré ló máa ń gbà. Ẹ ó kọ orúkọ fóònù náà, nọ́ńbà ìlà yín àti nọ́ńbà IMEI rẹ̀ (ẹ tẹ *#06#, á yọ jáde fúnra rẹ̀). Ẹ ó kọ ọdún tí ẹ ti ń fi í tajà. Ẹ ó kọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kúrò lórí fóònù dé orí kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ẹ lò, kí ẹ dárúkọ àwọn yẹn náà, kí ẹ sì bọwọ́ lù ú. Bí agbẹjọ́rò òdìkejì bá ní ojú fóònù ti fọ́, ẹ má mikàn: ojú tó fọ́ kò sọ pé ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́.

Screenshot ló sábà máa ń kó àwọn ọlọ́jà wa sí wàhálà. Wọ́n á mú un wá, ohun tí májísíréètì á rí lókè rẹ̀ ni "Àǹtí Aṣọ Ẹbí Ìkòròdú". Ta ni ìyẹn? Orúkọ tí ẹ̀yin fúnra yín fi pamọ́ sórí fóònù ni. Ẹnikẹ́ni lè fi orúkọ ẹnikẹ́ni pamọ́. Ẹ tẹ orúkọ náà kí nọ́ńbà rẹ̀ hàn, kí ẹ ya ìyẹn náà. Lẹ́yìn náà, ẹ so nọ́ńbà náà mọ́ obìnrin yẹn. Ibi tí ₦400,000 yẹn ti wúlò jù lọ nìyí. Ẹ lọ gba sítéètìmẹ́ǹtì ní báńkì yín. Orúkọ ẹni tó fi owó ránṣẹ́ á wà lára rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́. Kí ọmọ díspáàṣì náà sì múra láti wá sọ ẹni tó kó ọjà lé lọ́wọ́.

Ní ti voice note, ẹ gbé e sórí CD tàbí flash, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá, kó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Yorùbá ni yín, ọmọ Yorùbá ni onígbèsè, ó ṣeé ṣe kí májísíréètì náà jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú, síbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni èdè kóòtù. Mi ò tíì rí ẹni tó lè ṣàlàyé ìyẹn fún mi kó tẹ́ mi lọ́rùn.

Níbo wá ni kí ẹ gbé e lọ? Láti 2018 ni ìpínlẹ̀ Èkó ti dá kóòtù gbèsè kéékèèké sílẹ̀, Small Claims Court, lábẹ́ àwọn kóòtù májísíréètì. Gbèsè tí kò bá ju ₦5,000,000 lọ ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀, ẹ sì lè dá dúró fúnra yín láìgba agbẹjọ́rò. (Bẹ́ẹ̀ ni, agbẹjọ́rò ló ń sọ bẹ́ẹ̀.) Ẹ ó kọ́kọ́ fi ìwé béèrè owó ránṣẹ́ sí i lórí fọ́ọ̀mù tí kóòtù ní, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀rí pé ó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Bí kò bá sanwó, ẹ pẹjọ́. Ìlànà wọn ni pé kí ẹjọ́ má ju ọgọ́ta ọjọ́ lọ láti ìgbà tí ẹ bá pè é títí dé ìdájọ́. Ẹ fi sùúrù díẹ̀ kún un. Bó bá jẹ̀bi tí kò sì san, nọ́ńbà àkáǹtì tó fi sanwó fún yín ti wà lọ́wọ́ yín. Kóòtù lè pàṣẹ fún báńkì náà láti yọ owó yín fún yín nínú rẹ̀. Ọlọ́jà ayé àtijọ́ kò ní irú àǹfààní yẹn. Ọdún mẹ́fà ni òfin Èkó fún yín láti pe irú ẹjọ́ yìí, ṣùgbọ́n ẹ má dúró.

Ọlọ́pàá kọ́. Abala 32 nínú Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ pé wọn kò gbọdọ̀ tìtorí pé èèyàn da àdéhùn lásán mú un. Bó bá jẹ́ pé fake alert ló fi gba ọjà yín ni, ìyẹn jìbìtì, ẹ lè sáré lọ. Ẹni tó san díẹ̀ tó ku díẹ̀, onígbèsè ni.

Ní ti Facebook, mo mọ ohun tó ń dùn yín. Láyé àwọn bàbá wa, ẹni tó bá jẹni lówó tí kò san, wọ́n á dógò tì í. Àwọn Òṣómàáló láti Iléṣà, tí wọ́n ń kiri aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, kì í kúrò lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè láìgbowó. Dógò náà ni ohun tí àwọn ọmọ yín ń fẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó dógò, tí owó bá ti jáde, á dìde, á bá tirẹ̀ lọ. Fọ́tò tí ẹ bá gbé sórí Facebook kò ní í bá yín dìde. Kó tó di ọjọ́ kejì, ó ti dé inú ẹgbẹ́ WhatsApp ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ àti ti ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí á sì ti kọ "olè" àti "gbájúẹ̀" sábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ̀yin fúnra yín bá kọ "olè", ẹ ti parọ́ mọ́ ọn, torí gbèsè kì í ṣe olè. Ó lè pè yín lẹ́jọ́ ìbanilórúkọjẹ́. Òfin ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 náà wà ńlẹ̀. Wọ́n ti dín abala 24 rẹ̀ kù ní 2024, ó ti di ti ẹni tó mọ̀ pé irọ́ ni tó sì fi ránṣẹ́ láti dá rúgúdù sílẹ̀ tàbí láti fi ẹ̀mí ẹlòmíràn sínú ewu, ṣùgbọ́n ìtanràn tó lè tó ₦7,000,000 tàbí ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún mẹ́ta kì í ṣe ohun tó yẹ kí ẹ fi ₦680,000 wá.

Ẹ rántí àwọn ayánilówó orí fóònù tí wọ́n máa ń fi orúkọ onígbèsè ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí fóònù rẹ̀. Wọ́n lówó síta lóòótọ́, síbẹ̀ ní 2022 àjọ FCCPC tó ń gbèjà àwọn oníbàárà ya wọ ọ́fíìsì àwọn kan nínú wọn ní Ọ̀pẹ̀bí, Ìkẹjà.

Ohun kan tó kù: bí ìwé kóòtù bá ti kàn án lára, ó ṣeé ṣe kó rán èèyàn wá bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ kí òun máa san án díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbà bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má fa ẹjọ́ náà yọ lórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Kí ẹ kọ iye àti ọjọ́ tí yóò máa san án, kí ẹ̀yin méjèèjì bọwọ́ lù ú, kí ẹ sì ní kí májísíréètì sọ ọ́ di ìdájọ́. Lọ́jọ́ tó bá fi kùnà, ẹ kò ní í tún bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ tuntun.