Ẹ yé wo rìsíìtì, ẹ lọ wo akáǹtì yín

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀kun o, Bọ̀dá. Ìsánlú ni mo wà, aṣọ àti bàtà ni mò ń tà lórí WhatsApp àti Instagram, páàkì ni mo ti máa ń fi ọjà ránṣẹ́. Lóṣù tó kọjá, kọ́sítọ́mà kan fi rìsíìtì 48,000 náírà ránṣẹ́ sí mi, àléètì sì wọlé sórí fóònù mi lóòótọ́, ni mo bá gbé ẹrù fún dírẹ́bà. Ìgbà tí mo fẹ́ rajà lọ́jọ́ kejì ni mo tó rí i pé owó kankan ò wọlé. Ẹnì kan ní Lọ́kọ́ja ní òun ní áàpù tó ń yẹ rìsíìtì wò, pé tó bá jẹ́ ayédèrú á sọ, 15,000 náírà ló ń tà á. Ṣé kí n rà á? Àti pé báwo làwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń dá rìsíìtì ayédèrú mọ̀?

ÌDÁHÙN: Ọ̀kun o, àǹtí mi, ẹ kú àdánù. Ẹ má ra áàpù kankan. Kí n tètè sọ ìyẹn ná kí ọkùnrin yẹn tó tún pè yín.

Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ lọ́wọ́ mi, láti Kàbà, láti Ẹ̀gbẹ̀, láti Ìyàrá, lọ́dọ̀ àwọn oní-POS àtàwọn tó ń ta epo àti gààrí, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń bèèrè: báwo ni mo ṣe lè mọ rìsíìtì tó jẹ́ ayédèrú. Ìbéèrè yẹn gan-an ló ń kó yín sí wàhálà. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun ni pé mo máa ń so ètò ìsanwó mọ́ wẹ́ẹ̀bùsáìtì àwọn tó ń tajà, mo sì ń sọ fún yín pé àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá tí ẹ ń sọ yẹn ò mọ rìsíìtì gidi yàtọ̀ sí ayédèrú. Wọn kì í wò ó rárá ni. Ẹ fi ọgọ́rùn-ún rìsíìtì ránṣẹ́ sí wọn, kò sẹ́ni tó máa dá yín lóhùn.

Rìsíìtì yẹn, báńkì ẹni tó sanwó ló fún ẹni tó sanwó. Kì í ṣe ẹ̀yin ni wọ́n fún. Gbogbo ohun tó sì wà nínú ẹ̀ ò ju pé ẹnì kan sọ pé òun ti rán owó lọ. Ẹni tó bá fi fọ́tò iṣu hàn yín, ẹ ò ní torí ẹ̀ gbé odó jáde. Kódà kí rìsíìtì jẹ́ ojúlówó, ojúlówó láti inú áàpù báńkì gidi, owó lè máà dé ọ̀dọ̀ yín: ó lè há sójú ọ̀nà, ó lè padà sọ́dọ̀ ẹni tó rán an nítorí nẹ́tíwọ̀kì, tàbí kí onítọ̀hún ti ṣètò ẹ̀ pé ọ̀la ni kó tó lọ kó sì gé ibi tí wọ́n kọ ọjọ́ sí kúrò nínú fọ́tò. Ẹ rí i báyìí pé kéèyàn mọ̀ bóyá rìsíìtì jẹ́ òótọ́ kò wúlò fún ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀. Ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ ni bóyá owó wọlé.

Áàpù Lọ́kọ́ja yẹn ńkọ́? Ẹ rò ó wò. Fọ́tò nìkan ló rí. Kò ní kọ́kọ́rọ́ sí akáǹtì yín, báńkì kankan ò sì ní fún un láàyè láti wo akáǹtì ẹni tó sanwó. Bóyá ó ń wo bí lẹ́tà ṣe rí, bóyá ó kàn ń ka session ID. Session ID ni náńbà gígùn tó máa ń wà lórí tíránsífà láti báńkì kan sí òmíràn, ètò NIP tí NIBSS, ilé-iṣẹ́ tó so àwọn báńkì Nàìjíríà pọ̀, dá sílẹ̀ ní 2011 ló ń lò ó: 30 ni iye náńbà inú ẹ̀, 6 àkọ́kọ́ ń sọ báńkì tó rán owó, 12 tó tẹ̀ lé e ń sọ ọdún, oṣù, ọjọ́, wákàtí, ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá, ìyókù sì jẹ́ ti tíránsífà yẹn fúnra ẹ̀. Ẹ ti wá rí i pé ẹnikẹ́ni tó bá mọ ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ yìí lè jókòó kó sì kọ ọ̀kan tó bára mu. Tí tíránsífà bá sì jẹ́ láàárín báńkì kan náà, ó lè máà ní i rárá, áàpù yẹn á wá máa pe owó gidi ní ayédèrú. Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọkùnrin yẹn ṣe gba iṣẹ́ ara ẹ̀ gbọ́ tó, ẹ sọ fún un pé ẹ ti fi 15,000 ẹ̀ ránṣẹ́, ẹ fi rìsíìtì ránṣẹ́ sí i, kí ẹ wò ó bóyá áàpù ẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ṣí tàbí báláǹsì ẹ̀.

Ẹ wá ní àléètì wọlé. Mo mọ̀, èyí ló ń dun gbogbo èèyàn jù, torí wọ́n gbà pé rìsíìtì ni wọ́n lè fi ṣe jìbìtì, pé àléètì ọ̀rọ̀ báńkì ni. Rárá o. Àléètì SMS kì í ṣe owó, kì í sì í ṣe báńkì nìkan ló lè fi ránṣẹ́. Àwọn tó ń fi SMS ránṣẹ́ sí èèyàn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, irú èyí tí ẹ ń gbà lọ́dọ̀ àwọn olóṣèlú nígbà ìbò, lè kọ orúkọ sí ibi tó yẹ kí náńbà wà, kó ṣáà ti má ju lẹ́tà 11 lọ. Tí ẹni burúkú bá rí ọ̀nà gbé orúkọ báńkì yín síbẹ̀, fóònù yín ò ní béèrè pé ta ni ìwọ, á kàn wò ó pé orúkọ yìí ti wà ńlẹ̀ tẹ́lẹ̀, á sì to ọ̀rọ̀ irọ́ yẹn sábẹ́ àwọn àléètì gidi tí báńkì ti ń fi ránṣẹ́ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ̀yin á wò ó, ẹ á ní "ibi tí báńkì mi ti ń kọ̀wé sí mi náà nìyí." Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, kì í ṣe pé wọ́n gọ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé kí ẹ wo báláǹsì tó wà nísàlẹ̀ àléètì, pé olè ò lè mọ̀ ọ́n. Ó dáa, àmọ́ àwa náà la ń fi hàn wọ́n! Ẹ lọ wo WhatsApp status àwọn oníṣòwò wa, "Olúwa ṣé o, ọjà ń yá," pẹ̀lú àléètì tó ní báláǹsì, tó ní ìparí náńbà akáǹtì, tó ní bí báńkì ṣe máa ń kọ ọ́. Ẹ ti fún olè ní àpẹẹrẹ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìdúpẹ́ yẹn sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹni tó bá wá sí ṣọ́ọ̀bù fúnra ẹ̀ tó ṣí áàpù níwájú yín, tó tẹ iye, tó tẹ PIN, tí ó wá mú àmì aláwọ̀ ewé jáde, ìyẹn náà kì í ṣe ẹ̀rí. Àwọn áàpù kan wà tí wọ́n ṣe kó jọ ti báńkì láti òkè dé ilẹ̀, kò sí báńkì kankan lẹ́yìn wọn.

Ó yá, kí làwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá ń ṣe? Tí ẹ bá rajà lọ́dọ̀ wọn tí ẹ ní tíránsífà lẹ fẹ́ fi san, ilé-iṣẹ́ tó ń bá wọn gba owó, bíi Paystack, Flutterwave tàbí Monnify, á gbé náńbà akáǹtì kan jáde tó jẹ́ ti ọjà yẹn nìkan, ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Owó tó bá wọ ibẹ̀, kò sí àríyànjiyàn pé ta ló san án tàbí kí ló san án fún. Bí owó bá ti wọlé, ilé-iṣẹ́ yẹn á fi ìròyìn ránṣẹ́ tààrà sí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù, webhook là ń pè é, kò gba ọ̀dọ̀ kọ́sítọ́mà kọjá rárá. Kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n bá ṣe dáadáa ò tún ní gba ìròyìn yẹn gbọ́ bẹ́ẹ̀, á yẹ àmì ìkọ̀kọ̀ tó wà lára ẹ̀ wò, á padà lọ béèrè lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìsanwó pé "ṣé ẹ̀yin lẹ sọ̀rọ̀ yìí, èló ló wọlé?", lẹ́yìn náà ló máa wá fi iye yẹn wé iye ọjà. Àwọn tó ń ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì olówó pọ́ọ́kú fún yín máa ń fo ìpele tó kẹ́yìn yìí, ni ẹnì kan á bá san 480 náírà fún ọjà 48,000, sáìtì á sì kọ "ó ti san." Èyí tó tún burú jù ni àwọn tó ṣí àyè sílẹ̀ pé "ẹ fi fọ́tò rìsíìtì yín síbí," tí ọjà á sì di sísan fúnra ẹ̀ tí fọ́tò bá ti wọlé. Mo ti rí i o, mo fi fọ́tò ewúrẹ́ dán ọ̀kan wò, ó gbà á. Ẹni tó bá ṣe irú ẹ̀ fún yín, ẹ gba owó yín padà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí WhatsApp, ẹ ò nílò wẹ́ẹ̀bùsáìtì kí ẹ tó ṣe ohun tó jọ ọ́. Ẹ lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ yẹn kí ẹ máa fi líǹkì ìsanwó ránṣẹ́ sí kọ́sítọ́mà. Wọ́n máa ń gé nǹkan nínú ẹ̀ o: èyí tí mo mọ̀ mọ́ Paystack fún owó abẹ́lé ni 1.5% àti 100 náírà, tí kì í ju 2,000 lọ, ìyẹn ni pé wọ́n á gé 820 náírà nínú 48,000 yín. Ẹ yẹ ẹ̀ wò lọ́dọ̀ wọn fúnra yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí wọ́n lè yí i pa dà nígbàkigbà. Tí ẹ ò bá fẹ́ san ìyẹn, ẹ ṣí akáǹtì kan tí ẹ ò fi ṣe nǹkan míì àfi ọjà títà. Ẹ má fi náwó ilé, ẹ má fi gba owó àjọ. Tí owó mẹ́ta bá ti wọlé lóòjọ́, ẹ á rí i kedere nínú ìtàn akáǹtì yẹn pé mẹ́ta ni. Mo ní ìtàn akáǹtì, kì í ṣe báláǹsì nìkan, torí tí owó ẹlòmíì bá wọlé lákòókò kan náà, báláǹsì á gòkè, ẹ á rò pé ti ẹni tó ń pariwo létí yín ni. Ẹ̀yin ni kí ẹ ṣí áàpù yín fúnra yín, kì í ṣe líǹkì tí kọ́sítọ́mà fi ránṣẹ́.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: nẹ́tíwọ̀kì. Mo mọ Yàgbà, mo mọ bí dátà ṣe máa ń ṣe tí òjò bá ṣú. USSD, ìyẹn kódù báńkì yín tó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì *, kò nílò dátà, ẹ fi wo báláǹsì tí áàpù bá kọ̀. Tíyẹn náà bá kọ̀, ọjà ò kúrò nílẹ̀. Kò sí ọ̀nà àbùjá níbẹ̀, àǹtí. Láti ìgbà tí owó ṣòro rí ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 tí gbogbo wa sá sí tíránsífà, àìsí nẹ́tíwọ̀kì yẹn làwọn olè fi ń jẹun: wọ́n mọ̀ pé àléètì gidi máa ń pẹ́, wọ́n mọ̀ pé ojú á tì yín láti sọ fún èèyàn pé ẹ ò gbà á gbọ́. Wọ́n sì máa ń mọ àkókò tí mọ́tò fẹ́ kúrò ní páàkì, wọ́n á ní "dírẹ́bà ti ń tẹ fèrè, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ síbi ayẹyẹ lọ́la." Mọ́tò mìíràn á lọ lọ́la. Kọ́sítọ́mà gidi á bínú díẹ̀, á sì dúró. Ẹ kọ ọ́ sórí status yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ọjà pé owó tí ẹ bá rí nínú akáǹtì nìkan lẹ mọ̀, kó má di pé ẹnì kan ń rò pé òun nìkan lẹ fura sí.

Nǹkan méjì míì, kíá. Ẹni tó bá ní òun ti ṣèèṣì fi owó ju bó ṣe yẹ lọ ránṣẹ́, pé kí ẹ dá ìyókù padà, ẹ wo akáǹtì ná, ọ̀pọ̀ ìgbà kò sí owó kankan. Tí ó bá sì wà lóòótọ́, akáǹtì tó ti wá gan-an ni kí ẹ dá a padà sí, kì í ṣe náńbà tuntun tó bá fún yín. Èkejì: owó gidi náà lè kó bá yín, tó bá jẹ́ pé olówó ẹ̀ ni wọ́n jà lólè, báńkì lè de akáǹtì yín títí wọ́n á fi yanjú ẹ̀. Tí orúkọ tó sanwó ò bá bá orúkọ tó rajà mu tí ọjà sì tóbi, ẹ béèrè, kí ẹ sì tọ́jú ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ àti ìwé ẹrù páàkì. Èmi kì í ṣe lọ́yà o, tó bá dé bẹ́ẹ̀, ẹ wá ẹni tó mọ òfin.

Ní ti 48,000 tó lọ: báńkì yín ò lè dá a padà torí kò dé ọ̀dọ̀ wọn rí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ yín pé òun á bá yín gbà á jáde. Irú jìbìtì yìí lòdì sí òfin Cybercrimes Act 2015, ẹ kó rìsíìtì yẹn, SMS yẹn àti náńbà fóònù ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, ẹ má pa nǹkan kan rẹ́ lórí fóònù. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó lọ, ẹ pe dírẹ́bà yẹn àti páàkì tó já ẹrù sí. Ẹnì kan ló wá gbé e níbẹ̀, ó sọ orúkọ, ó sì fi náńbà kan pè wọ́n. Ìyẹn wúlò fún ọlọ́pàá ju rìsíìtì lọ.